Owó Ilé Òwú: Ìpè Sí Gbogbo Ọmọ Ìlú Wa Nílé àti Lẹ́yìn Odi

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, a kí yín kú iṣẹ́, a kí yín kú ìrójú. Ẹ̀ka Èkó, ẹ̀ka Ìbàdàn, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Ọ̀rọ̀ owó la tún gbé dé o, owó tá a fẹ́ fi dá Ilé Òwú sílẹ̀ fún àwọn ahunṣọ àti aranwú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ìgbìmọ̀ rán àwa mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan nísàlẹ̀ ọjà, torí a gbọ́ pé òun nìkan ló ṣẹ́ kù ládùúgbò náà tó ṣì mọ òwú í ran. Màmá kọ́kọ́ fi wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ló tún ń wá kíjìpá kiri láyé tá a wà yìí. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn gun àjà, ọmọ náà sì gbé ìrànwú sọ̀kalẹ̀ tòun ti eruku. Màmá fi etí ìró wọn nù ún, wọ́n fi eérú ra ìka, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ìrànwú sínú àfọ́kù igbá, wọ́n sì ta á. Ìrànwú ń yí bí òkòtó, òwú ń yọ láti ọwọ́ òsì wọn, tínínrín, kò já. Wọn ò tiẹ̀ wo ọwọ́ wọn. Ojú wa ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Kì í ṣe pé iṣẹ́ yìí sú mi. Ẹni tó ń kó òwú wá fún mi ò wá mọ́, ẹni tó ń ra èyí tí mo bá ran náà ò wá mọ́. Kí ni kí n wá máa ran?"

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, ọ̀rọ̀ yẹn ń dún létí mi, torí mo ti ka irú rẹ̀ rí nínú ìtàn Mahatma Gandhi, aṣáájú ìjà òmìnira ilẹ̀ Íńdíà. Ní 1915 ni Gandhi ti Gúúsù Áfíríkà padà sílé, ó sì tẹ̀dó sí ìlú Ahmedabad. Ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òwú tí wọ́n bá fọwọ́ ran nílé ló máa yọ àwọn mẹ̀kúnnù Íńdíà nínú òṣì, torí òwú oko wọn ń rékọjá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń padà di aṣọ tí wọ́n ń fowó rà. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ò tíì fojú kan kẹ̀kẹ́ ìrànwú rí! Òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ ra òfì, wọ́n wá olùkọ́, wọ́n ń hun aṣọ, àmọ́ òwú ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n fi ń hun ún. Gandhi wá rí i pé ńṣe ni àwọn di ọmọṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn onílé-iṣẹ́ òwú.

Opó kan, Gangaben Majmudar, ló bá a wá kẹ̀kẹ́ náà kiri, títí ó fi rí i ní ìlú Vijapur. Níbo ni wọ́n kó o sí? Orí àjà ni. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ní àwọn ṣe tán láti padà sídìí rẹ̀, bí ẹnì kan bá lè máa kó òwú gbígbọ̀n fún àwọn déédéé, kó sì máa ra èyí táwọn bá ran. Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀rọ̀ màmá ìsàlẹ̀ ọjà gan-an.

Ìyẹn ni wọ́n gbájú mọ́. Gangaben rí agbọ̀nwú kan tó ní òun máa gba rupee (owó Íńdíà) 35 lóṣù, Gandhi ní kò pọ̀ jù. Aṣọ tí wọ́n kọ́kọ́ hun lọ́dọ̀ Gandhi le koko, anna 17 ni yáàdì kan (anna 16 ló ń jẹ́ rupee kan nígbà yẹn). Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rà á bẹ́ẹ̀, torí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń rà. Ní 1921, àwọn èèyàn Íńdíà dá mílíọ̀nù 10 rupee jọ láàárín oṣù díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ìrànwú mílíọ̀nù 2 ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kó wọlé àwọn èèyàn lọ́dún yẹn.

Ẹ wá wo tiwa. A ò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, kò sẹ́ni tó máa kọ́ wa ní aṣọ òkè. Ẹ̀tù, sányán, àlàárì, a mọ̀ wọ́n ká tó mọ ìwé. Àmọ́ àwìn ni ọ̀pọ̀ ahunṣọ wa ń gba òwú. Ọjọ́ tí aṣọ bá tà, olówó òwú á kọ́kọ́ yọ tirẹ̀, èyí tó kù ò ní ju owó gàárì lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọkùnrin fi ń ti orí òfì bọ́ sórí ọ̀kadà. A ò lè bú wọn.

Nítorí náà, a ò ní kọ́ gbọ̀ngàn mìíràn. Èyí tá a kọ́ lọ́jọ́sí, àdán ló ń gbé e. Ilé Òwú la fẹ́ ṣe, lórí ilẹ̀ tí Kábíyèsí yọ̀ǹda fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà: yàrá ìkóǹkansí kan, àti àtíbàbà onípáànù tó gba òfì mẹ́wàá. Àmọ́ kò ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta owó náà lọ tó máa bá ilé lọ. Ìdá méjì yòókù, òwú la máa fi rà lọ́pọ̀, kí ahunṣọ lè gbà á ní iye tá a rà á, kó dá owó padà bí aṣọ bá tà. Ìyá tó bá sì ran òwú wá, lójú ẹsẹ̀ la máa sanwó rẹ̀.

Mi ò ní tàn yín o. Òwú àfọwọ́ran ò lè lé òwú dídán kúrò lóde ìyàwó. Aláṣọ ẹbí fẹ́ ohun tó ń kọ mànà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá ojúlówó wà, wọ́n sì ń fowó sí i.

₦10,000 la bù fún ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́, ₦1,000 fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọṣẹ́. Ẹ̀yin ẹ̀ka òkè òkun, ẹ bá wa gbé òfì kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ tí kò bá lówó lọ́wọ́ lè gbé òwú oko rẹ̀ wá, a máa wọ̀n ọ́n, a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí owó. Ní ìparí 1924, nígbà tí Gandhi jẹ́ alága Congress, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira Íńdíà, wọ́n sọ ọ́ di dandan kí ọmọ ẹgbẹ́ máa fi òwú 2,000 yáàdì san owó ẹgbẹ́ lóṣooṣù. (Ẹ fojú inú wo akápò wa pẹ̀lú tèépù lọ́wọ́.) Kò tọ́jọ́. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti ní kí ẹni tó bá wù san anna 4 dípò. Àwa ò fi dandan mú ẹnikẹ́ni: owó ni o, òwú ni o, ẹ ṣáà gbé e wá.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó kànga ẹ̀rọ ọjọ́sí ṣì ń dun àwọn kan. Wọ́n ò jẹ̀bi. Ẹni tó bá ní òun máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn tí àwọn tálákà sọ fún Gandhi pé àwọn ò rówó ra aṣọ àfọwọ́ran, ó bọ́ ẹ̀wù tirẹ̀ ní ìlú Madurai ní oṣù kẹsàn-án 1921, ìbàǹtẹ́ ló sì ń ró látìgbà náà. Àwa ìgbìmọ̀ ò ní bọ́ra sílẹ̀, àmọ́ ìlọ́po méjì ni oníkálukú wa san. Orúkọ wa àti iye rẹ̀ wà lára ògiri gbọ̀ngàn. Gbogbo ẹni tó bá san, ibẹ̀ la máa lẹ tirẹ̀ náà mọ́, pẹ̀lú rìsíìtì gbogbo ohun tá a bá rà.

Ẹ san án fún akápò ẹ̀ka yín. Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, tó jẹ́ ọjọ́ ìbí Gandhi, la máa pàdé lórí ilẹ̀ náà ní aago mẹ́wàá àárọ̀; ọ̀pọ̀ yín á ti wálé fún ọjọ́ òmìnira. Màmá ìsàlẹ̀ ọjà ti gbà láti kọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìrànwú ẹyọ kan ṣoṣo ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo orí àjà ilé ìyá yín kẹ́ ẹ tó máa bọ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, lórúkọ ìgbìmọ̀