Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí a kò fi ń de airbag tòkunbọ̀ mọ́ steering

Ẹ̀yin oníbàárà wa pàtàkì,

A kí yín, a sì dúpẹ́ fún ọkọ̀ tí ẹ ń gbé wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn kan nínú yín máa ń ra airbag steering ní Ládípọ̀ pé ká bá àwọn dè é, inú wọn kì í sì í dùn nígbà tí a bá kọ̀ ọ́. Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, sẹ́ńsọ̀ yóò ta kọ̀ǹpútà airbag lólobó, kọ̀ǹpútà náà yóò sì rán iná gba inú clock spring, ìyẹn wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n ká bí ẹní sẹ́yìn steering kí ó má baà já bí ẹ ṣe ń yí ọwọ́, lọ sínú agolo irin tó wà lẹ́yìn àpò airbag. Kẹ́míkà inú agolo yìí ló ń jó di gáàsì tí àpò náà fi ń wú kí ojú tó ṣẹ́.

Agolo yìí gan-an ló ń bà wá lẹ́rù. Ammonium nitrate ni ilé-iṣẹ́ Takata ti ilẹ̀ Japan lò nínú tirẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin sì máa ń ba kẹ́míkà náà jẹ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, débi pé nígbà tó bá bú, agolo fúnra rẹ̀ lè fọ́, kí èérún irin sì fò mọ́ awakọ̀ lójú àti lọ́rùn. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 agolo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n pààrọ̀, Takata sì wọ gbèsè ní ọdún 2017. Amẹ́ríkà yìí ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá, inú ooru àti ọ̀rinrin Èkó ni wọ́n sì ń gbé. Kò sí ẹni tó lè wo airbag àlòkù lójú kó mọ̀ bóyá omi ti wọ̀ ọ́ rí, a kò sì lè dán an wò, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣiṣẹ́.

Bákan náà, a kì í fi resistor, ìyẹn ẹ̀yà iná kékeré tí kọ̀ǹpútà yóò rò pé airbag ni, tan kọ̀ǹpútà kí iná SRS, ìyẹn iná ìkìlọ̀ airbag tó wà níwájú awakọ̀, lè kú nígbà tí inú steering ṣófo. Iye yòówù kí ẹ fẹ́ san, a kò ní ṣe é.

Ẹ má sì jẹ́ kí àyà yín já jù tí iná náà bá tàn. Bí họ́ọ̀nù kò bá dún mọ́, tí bọ́tìnnì rédíò orí steering náà kò sì ṣiṣẹ́, clock spring ló sábà máa ń jẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó ti airbag. Táyà gbọ́dọ̀ kọjú síwájú gbọọrọ kí a tó fi tuntun sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò já níbi tí ẹ bá ti yí ọwọ́ dé òpin.

Tí ẹ bá rí i pé a tú orí bátìrì, tí a sì kàn dúró, a ń jẹ́ kí iná tó kù nínú kọ̀ǹpútà tán ni, nítorí ó ṣì lè tú airbag sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójú.

Ẹ bá wa mú nọ́ńbà ṣáásí oní 17 wá. A ó fi yẹ ojúewé NHTSA, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, wò lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ airbag wọn, nọ́ńbà náà la ó sì fi béèrè fún tuntun tó bá a mu, kí a tó sọ iye owó fún yín.