Ẹ̀sùn Lórí Káàdì Àwòrán Sẹ́ẹ̀lì Tí Mo Rà Lọ́wọ́ Yín: Ìwé Karùn-ún

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé karùn-ún tí mo máa kọ sí iléeṣẹ́ yín nìyí, oṣù kẹrin sì ń parí lọ. Magnification tí ẹ tẹ̀ sórí àwọn káàdì náà, ìyẹn iye ìlọ́po tí àwòrán fi tóbi ju nǹkan gidi lọ, kò tọ̀nà. Nọ́ńbà ẹ̀sùn mi wà lọ́dọ̀ yín, rìsíìtì mi náà wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn òṣìṣẹ́ yín ní kí n tún wọn fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni mo fi wọ́n ránṣẹ́. N kò ní tún wọn kọ síbí mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ yín kan sọ sí mi lórí fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ló mú mi kọ̀wé sí ẹ̀yin fúnra yín. Àlàyé ni mo ń ṣe lọ́wọ́ tó fi já lu ọ̀rọ̀ mi: "Màdáàmú, magnification tó wà lórí káàdì ni kí ẹ lò. Bí ìdáhùn ò bá bọ́ sí i, ẹ lọ yẹ ìṣirò yín wò." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú káàdì kan àti rúlà, ká jọ wọ̀n ọ́n. Ó ní òun ò ráyè ìyẹn, pé èmi nìkan kọ́ ni oníbàárà àwọn. Ó sì pa fóònù mọ́ mi létí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní báyọ́lọ́jì. Ọmọdé kì í bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn nínú kíláàsì mi, n kò sì mọ ìdí tí màá fi san owó fún ẹni tó máa bá mi sọ ọ́.

Nítorí pé kò ráyè wọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n fún yín. Lórí káàdì mitochondria, ẹ̀yà kékeré inú sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè agbára, láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì jẹ́ mílímítà 60. Mílímítà kan jẹ́ máíkírómítà 1,000, nítorí náà 60,000 ni àwòrán yẹn. Ẹ kọ ×400 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ bá fi 400 pín 60,000, máíkírómítà 150 ló máa rí gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n gidi. Sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn, èyí tí àwọn ọmọ wa máa ń rọra họ jáde kí wọ́n tó gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, kò ju bíi máíkírómítà 60 lọ ní fífẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ni mitochondria ń gbé. Báwo ni ayálégbé ṣe máa fi ìlọ́po méjì àbọ̀ tóbi ju ilé tó ń gbé lọ?

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìdáhùn tó tọ́ wà lórí káàdì yín kan náà. Ìlà kékeré kan wà ní igun rẹ̀, mílímítà 20 ni gígùn rẹ̀, ẹ sì kọ máíkírómítà 1 sí i lórí. Máíkírómítà 20,000 nínú àwòrán dúró fún máíkírómítà 1 gidi: ×20,000 nìyẹn. Ẹ fi 20,000 pín 60,000, ẹ ó rí máíkírómítà 3, èyí tó bá mitochondria mu. Bí ẹ bá fẹ àwòrán lójú tàbí tí ẹ dín in kù, ìlà yẹn máa bá a tóbi, yóò sì bá a kéré. Nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀ sísàlẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kódà láìwọn nǹkan kan, ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí á rí àwọn ìṣẹ́po tó wà nínú mitochondria náà, á sì mọ̀ pé máíkírósíkóòpù oníìmọ́lẹ̀ lásán kò lè fi wọ́n hàn ní ×400. Ti sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ náà ńkọ́? Mílímítà 15, ×200: máíkírómítà 75. Bíi 7 sí 8 ni ó yẹ kó jẹ́. Òdo kan ló já bọ́ níbẹ̀.

Òyìnbó tó ṣe léèdì náà ló ṣe ìrésà. Àṣìṣe kọ́ ló bí mi nínú. Ní oṣù kejì, máníjà yín pè mí, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, káàdì tuntun á dé ọwọ́ yín lọ́jọ́ Ẹtì." Mo gbà á gbọ́. Mo dá ẹ̀kọ́ yẹn dúró, mo sọ fún àwọn ọmọ SS2 pé ká mú sùúrù. Ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta kọjá kí ẹrù tó dé. Nígbà tí mo tú u, káàdì àtijọ́ náà ni, wọ́n kàn lẹ sítíkà funfun mọ́ orí ×400, wọ́n sì kọ ×4,000 sí i. Ẹnìkan jókòó, ó tẹ sítíkà, ó lẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó mú rúlà. Ìdáhùn tuntun di máíkírómítà 15. Látìgbà náà, bí mo bá pe àwọn tó ń tajà, wọ́n á ní kí n pe àwọn tó ń tẹ̀wé. Àwọn tó ń tẹ̀wé á ní àwọn tó ń tajà ló ni ẹ̀sùn.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tó rí ìlà kékeré yẹn fúnra rẹ̀, tó lò ó, tó sì kọ máíkírómítà 3. Ìwé ìdáhùn yín ni olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi fi máàkì ìdánwò náà, ó sì fa ìlà pupa sí i. Ọmọ yẹn mú ìwé rẹ̀ wá bá mi, omi wà lójú rẹ̀: "Mà, ibo ni mo ti ṣì í?" Mo dá máàkì rẹ̀ padà fún un, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí mo lè sọ tó máa mú ìyè méjì yẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀ ló máa jókòó fún WAEC, níbi tí wọ́n ti máa ń béèrè magnification lórí àwòrán tí ọmọ bá yà. Mo fẹ́ kó gbẹ́kẹ̀ lé rúlà rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀.

Ẹ dá owó mi padà ní pípé, tàbí kí ẹ fi káàdì tí ẹnìkan ti fi rúlà wọ̀n ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe sítíkà. Ẹ kọ̀wé sí gbogbo iléèwé tó ra irú rẹ̀, nítorí pé tiwa nìkan kọ́. Mo sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó pa fóònù mọ́ mi létí pè mí padà, kó tọrọ àforíjì.

Ọjọ́ 14 ni mo fún yín, láti ọjọ́ tí ìwé yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, gbogbo ìwé tí mo ti kọ máa lọ sí FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà. Mo ti ya fọ́tò káàdì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò tíì gbé wọn sórí WhatsApp àwọn olùkọ́ báyọ́lọ́jì ìpínlẹ̀ wa, torí pé mo rò pé ẹ máa ṣe ohun tó tọ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, màá gbé wọn síbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ báyọ́lọ́jì, Abẹ́òkúta