Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ nípa oorun tí kò kùn ún

Ṣàgámù,
Ọjọ́ 18, oṣù Òkúdù.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú iṣẹ́, o sì kú àìsùn. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lóru ọjọ́ Ajé. Aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni mo rí lára rẹ̀. Aago tiwa àti ti Manchester sì bára mu lásìkò yìí, nítorí náà má sọ fún mi pé ilẹ̀ ò tíì ṣú púpọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lo fi sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Ibi tí o ti ní, "Màmá, àjà ni mo kàn ń wò," ló mú mi dìde jókòó. Mo mọ àjà yẹn, ọmọ mi. Pákó mọ́kànlélógún ló wà lájà yàrá tèmi. Mo kà wọ́n tán lọ́dún tí bàbá rẹ ṣaláìsí.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹ rí ni ìdí tí mi ò fi rí oorun sùn lọ́dún náà. Gbogbo ará ilé ní ìrònú ni. Ìrònú wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ obì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń ta gbànja, ó di dandan kó máa bù ú jẹ lójú oníbàárà. Láàárọ̀, awẹ́ kan. Lọ́sàn-án, awẹ́ kan. Bí àwọn ará Sábó bá wá kó ẹrù nírọ̀lẹ́, odindi kan tún ti bọ́ sẹ́nu. Gbogbo àgbo tí wọ́n gbé wá, mo mu ún. Nọ́ọ̀sì kékeré kan, tí kò tó ẹ lọ́jọ́ orí, ló wá bi mí nígbà tí mo lọ wọn ìfúnpá pé, "Màmá, kí lẹ máa ń jẹ lẹ́yìn aago mẹ́ta?" Mo ní obì ni. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní káfíìnì tó wà nínú kọfí náà ló wà nínú obì, àti pé lára ọ̀pọ̀ èèyàn, lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára. Mo bá jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Obì tí mo jẹ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì ń ṣọ́nà ní aago mọ́kànlá òru. Àbí kí lo rò pé àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò ń fi obì ṣe látọjọ́ yìí wá? Èmi tí mò ń tà á fún wọn ni mi ò ronú kàn án. Wàyí o, kọfí tí o ní ò ń mu kó o tó kúrò níbi iṣẹ́, kó o má baà sùn kọjá ibùdókọ̀ rẹ, òun ló ń bá ẹ wọlé. Kókà pẹ̀lú, àti ọtí agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára. Bí o bá fẹ́ sùn ní aago mẹ́wàá, má jẹ́ kí ọ̀kankan nínú wọn kan ẹnu rẹ mọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ní ti ibi tí o wà, oòrùn ni kì í jẹ́ kí oorun rọ́nà wọlé. Ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ìgbà tí òkùnkùn bá dé ni ara tó ń tú melatonin sílẹ̀, èyí tó ń sọ fún ara pé alẹ́ ti lẹ́. Nínú oṣù yìí, oòrùn yín á wà lókè títí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kọjá, kí aago márùn-ún ìdájí sì tó lù, ó ti tún yọjú. Ra kọ́tìnì dúdú tó nípọn. Kí owó rẹ̀ tó dé, ìborùn àǹkárá tí mo fi sínú àpótí rẹ, ká a sí mẹ́rin kó o fi bo ojú. Fóònù, kíṣìnì ni kó sùn. Mo ti gbọ́ èsì rẹ kó o tó fọ̀ ọ́: òun ló ń jí ẹ. Ra aago tó ń dún, kì í wọ́n.

Wẹ omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ní wákàtí kan tàbí méjì kó o tó lọ sùn. Lẹ́yìn ìwẹ̀, ooru á máa jáde lára, ara tó bá sì ń tutù lọ ni oorun ń wá bá. Wọ ìbọ̀sẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá tutù. Bí o bá sì dùbúlẹ̀ tó bí ogún ìṣẹ́jú tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, dìde, lọ jókòó sórí àga. Bẹ́ẹ̀dì tí èèyàn ń yí gbirigbiri lórí rẹ̀ lálaalẹ́, ọpọlọ á sọ ọ́ di ojú ogun.

Àǹtí rẹ ti gbọ́ o, ó sì ti ń di ẹrù. Ó ní gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ lòun máa fi ránṣẹ́. Mo kọ̀. Mi ò sọ pé egbòogi náà ò lágbára. Agbára rẹ̀ gan-an ni mò ń sá fún. Òun ni àwọn bàbá wa fi ń pẹ̀rọ̀ fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní reserpine tó máa ń já ìfúnpá wálẹ̀, ó sì lè mú ìbànújẹ́ wọni lára. Ìwọ ò ya wèrè, ìfúnpá rẹ ò sì ga. Ewé tíì gbígbẹ, èyí tó rí bíi koríko, kì í ṣe tíì inú páálí, ni mo ní kó dì fún ẹ. Mi ò ní purọ́ pé ewé tíì ń kun èèyàn lóorun. Ó gbóná, ó ń ta sánsán, kò sì ní káfíìnì. Ìyẹn tó mi. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá kọjá oṣù mẹ́ta, tàbí tí ọkàn rẹ bá ń bà jẹ́ láìnídìí, dókítà ni kó o lọ rí, kì í ṣe èmi.

Ohun tó wà lábẹ́ ewé tíì nínú ẹrù náà ni mo torí ẹ̀ mú bírò. Ìwé bàbá rẹ ni, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938. Mo mọ̀ pé Ṣóyínká ti túmọ̀ rẹ̀ ní 1968, iṣẹ́ ńlá sì ni, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì lo fi ń dá àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ lóhùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Jẹ́ kí ahọ́n rẹ sinmi.

Ka á sókè. Bí bàbá rẹ ṣe ń kà á nìyẹn, lórí àga onírọ́bà níwájú ilé, fìtílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá múná lọ, ìwọ lórí ẹní tí o ń díbọ́n pé o ò tíì sùn. Gbólóhùn Fágúnwà gùn; bí o bá sáré kà á, èémí á tán lẹ́nu rẹ. Ó di dandan kó o rọra. Bí èémí bá sì ti rọra, ara náà á rọra.

Ìwọ á ní, ìwé tó kún fún iwin àti ewèlè? Agbákò tó ní ojú mẹ́rìndínlógún, tó dé fìlà irin? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìbẹ̀rù inú ìwé kò rí bí ti owó ilé. Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, ló máa bá Agbákò jìjàkadì. Ìwọ kàn ń wòran ni. Ibi kan wà tó o gbọ́dọ̀ fò lálẹ́: ohun tí Kàkò, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe sí obìnrin tó fẹ́ fẹ́, tó dì mọ́ ọn pé kó má lọ. Títí dòní, mi ò tíì forí jì í. Bàbá rẹ ní ìtàn ni. Mo ní kó ka iwájú.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé bàbá àgbà tó ń sọ ìtàn náà kò sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Bó bá sọ ọ́ débì kan, á dìde, á lọ sílé, ó di ọ̀la. Ìwọ náà, ojú ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà lálẹ́ ti tó. Nígbà tí àwọn ọdẹ náà bá dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, àgbà ọlọ́gbọ́n kan, ọjọ́ méje ni wọ́n fi gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà alẹ́ méje ni kó o fi kà á.

Ẹ̀yìn ìwé náà ti ya, mo fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́. Epo pupa ta sí ojú ewé kan. Ìwọ lo ta á sí i, àkàrà wà lọ́wọ́ rẹ. Nínú ọ̀rọ̀ Ìrágbèje, wàá bá ẹyọ ìgbálẹ̀ kan láàárín ìwé. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ dá a dúró sí lọ́sẹ̀ tó lọ sílé ìwòsàn. Láti ọdún yẹn, mi ò yọ ọ́. Bí o bá débẹ̀, ìwọ ni kó o yọ ọ́, kó o máa kà á lọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.