Kí àwọn ọsibítù ro ti sójà àti ìdílé wọn

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó tún ń ṣe sójà mọ́ iṣẹ́ wọn nílùú Ọba ló ń ká mi lára. Ẹni tó wà nínú Army Reserve, ìyẹn àwọn tó ń ṣe sójà mọ́ iṣẹ́ míì, máa ń lo bí ọjọ́ 27 lọ́dún fún tréníǹ, tí ọ̀gá ẹ̀ ò bá wá fún un láyè, ọjọ́ ìsinmi tó yẹ kó lò pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀ ló máa fi dí i, ìyẹn ò dáa rárá. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ gba Gold, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù nínú Employer Recognition Scheme, ìyẹn ètò tí ìjọba fi ń yẹ́ iléeṣẹ́ tó ń ti àwọn ológun lẹ́yìn sí, gbọ́dọ̀ fún wọn ní ọjọ́ 10 ó kéré tán fún tréníǹ láì yọ ọ́ nínú ìsinmi wọn, kó sì sanwó ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ kí gbogbo ọsibítù kúkú máa ṣe bẹ́ẹ̀, torí ohun tí wọ́n bá kọ́ lọ́hùn-ún, àwọn aláìsàn ní wọ́ọ̀dù ló máa jàǹfààní ẹ̀. Àwọn tó ti fiṣẹ́ ológun sílẹ̀ ńkọ́? NHS, ètò ìlera ìjọba ìlú Ọba, ní Step into Health fún wọn, ìyẹn ètò tó ń bá wọn rí iṣẹ́ ní NHS, mo gbóríyìn fún ìyẹn. Àmọ́ ìyàwó sójà ló ń ṣe mí láàánú jù, tí wọ́n bá ti gbé ọkọ ẹ̀ lọ bárékè míì, iṣẹ́ tiẹ̀ náà lọ nìyẹn, kí ló dé tí wọn ò lè bá a wá àyè sí ọsibítù tó wà níbi tuntun yẹn?