Iṣan wo lẹ ń sọ?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ewé ìlera ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí tí ìwé ìròyìn yín bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ìdí nìyí tí mi ò fi lè dákẹ́ lórí ohun tí mo kà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ní kí ẹni tí iṣan ẹsẹ̀ bá ń dùn fi omi gbígbóná jó o, kí wọ́n sì bá a wọ́ ọ dáadáa. Iṣan wo? Ẹ ò sọ.

Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń pè ní iṣan. Ẹran tó ki lẹ́yìn ojúgun, iṣan ni. Okùn líle tó so ẹran náà mọ́ egungun gìgísẹ̀, iṣan ni. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan. Fọ́nrán tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, tó sì ń gbé àṣẹ ọpọlọ bọ̀, òun náà iṣan. Ohun tó ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ìtọ́jú wọn ò sì jọra.

Àbúrò mi obìnrin ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí, ó sì pẹ́ lórí ibùsùn. Ó pè mí lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣan ẹsẹ̀ òsì ń fà mí." Ẹran ara tó le nítorí àìrìn ni ọkàn mi lọ sí. Mo ní kí ọmọ rẹ̀ bá a wọ́ ọ. Alẹ́ méjì ni ọmọ náà fi wọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, kò lè mí kanlẹ̀ mọ́, àyà sì ń gún un nígbàkigbà tó bá fa èémí sínú. Ẹ̀jẹ̀ ló ti dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, apá kan já lára rẹ̀, ó bá ẹ̀jẹ̀ gòkè, ó lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró. Ká ní mo bi í bóyá ẹsẹ̀ náà wú, bóyá ó gbóná ju ìkejì lọ ni, ì bá ti sọ fún mi. Mi ò bi í, èmi nọ́ọ̀sì. Wọ́n tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì wà láàyè lónìí.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti dé ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gun òkè padà sí ọkàn, nígbà tí agbára tí ọkàn fi tì í jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń ràn án lọ́wọ́. Bí a bá ti ń rìn, ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà láàárín rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ, ẹ̀jẹ̀ á gòkè, àwọn ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kéékèèké inú iṣan náà á sì pa dé kó má baà ṣàn padà. Bí ẹsẹ̀ ò bá rìn, ẹ̀jẹ̀ á máa falẹ̀, ó sì lè dì.

Ẹ lè dá ìlẹ̀kùn wọ̀nyí mọ̀ lára ara yín. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ kan rọ̀ sílẹ̀ títí iṣan ẹ̀jẹ̀ apá yóò fi yọ. Ẹ fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ fi ìka mìíràn ti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lọ síhà ìgúnpá, kẹ́ ẹ wá gbé ìka kejì yìí kúrò. Bí ìlẹ̀kùn bá wà lójú ọ̀nà yẹn, iṣan náà á ṣófo títí ẹ ó fi gbé ìka àkọ́kọ́. William Harvey, dókítà ará Ẹ́ńgláńdì, ya àwòrán irú ìdánwò yìí sínú ìwé tó fi ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ń yípo nínú ara, ní 1628. Mo ti ṣe é níwájú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kò tíì já mi kulẹ̀ rí.

Ẹ̀jẹ̀ tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ á wọ apá ọ̀tún ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni apá ọ̀tún yìí sì ń rán ẹ̀jẹ̀ sí. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ dídì tó já lẹ́sẹ̀ fi sábà ń há síbẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ hùmọ̀ ọ̀rọ̀ tuntun. Ẹ ṣáà máa kọ ọ́ tán: iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan ìmọ̀lára, ẹran ara, okùn ẹran. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èyí jáde: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá wú, tó ń gbóná, tó ń dùn ún, pàápàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìbímọ tàbí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́, kí ẹnikẹ́ni má wọ́ ọ. Kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí èémí bá ti ń há a, kí wọ́n má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ojú ewé ìlera yẹn gan-an ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí, kí ẹni tó ka ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lè rí i.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì