Ohun tí mo rí ní Mòrókò, àti Òkè Ìdànrè tiwa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mòrókò dé ni, gáìdì kan ló mú àwa bíi méjìlá káàkiri, ohun tí mo rí ò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Ní Fez, mọ́tò ò wọnú ìlú àtijọ́ yẹn rárá, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń kó ẹrù, ọ̀nà ibẹ̀ tóóró gan-an, téèyàn ò bá ní gáìdì á sọnù ni. Ibẹ̀ ni al-Qarawiyyin wà, mọ́ṣáláṣí tó di yunifásítì, wọ́n ní obìnrin, Fatima al-Fihri, ló dá a sílẹ̀ ní 859. Obìnrin o! Níbi tí wọ́n ti ń ṣe awọ, ìgbẹ́ ẹyẹlé ni wọ́n ṣì fi ń mú un rọ̀ bíi tayé àtijọ́, òórùn ibẹ̀ le débi pé ewé míǹtì ni wọ́n fún wa ká fi símú. Lẹ́yìn náà la lọ sí Merzouga létí aṣálẹ̀ Sàhárà, a gun ràkúnmí, yanrìn ga bí òkè, tí oòrùn bá ti ń wọ̀ á pọ́n bí epo.

Ṣùgbọ́n Ìdànrè ni mo ń rò ṣáá. Fez ti wà nínú ìwé ibi àjogúnbá àgbáyé tí àjọ UNESCO ń kọ láti 1981, Òkè Ìdànrè tiwa, tòun ti àtẹ̀gùn tó lé ní 600 àti ààfin àtijọ́ lókè, ṣì wà lórí ìwé àwọn tó ń dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́ sójú ìwé yín, kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìdànrè níṣẹ́ gáìdì.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́.