Ẹ jẹ́ kí iye oru tí àlejò fẹ́ sùn yan iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ máa kọ́ ọ

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn tọkọtaya tó fẹ́ fi ilé wọn gba àlejò, kí wọ́n sì máa kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọnà, la fẹ́ dá sí. Èrò náà wu ọ̀pọ̀ èèyàn ní Èkìtì: yàrá mẹ́ta, àgbàlá kan, ọkọ ń rẹ aró, ìyàwó ń mọ ìkòkò, àlejò ń ti ìsun omi Ìkógòsì tàbí òkè Olósùnta bọ̀. Kò burú. Ibi tó ti ń wọ́ ni pé wọ́n á kọ́ yàrá tán kí wọ́n tó bi ara wọn pé kí ni ẹni tó fẹ́ sùn oru méjì péré lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kó sì gbé e lọ sílé.

Ìkòkò kọ́. Ẹ bi àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Ìsàn-Èkìtì. Èyí tí a mọ lónìí ní láti gbẹ ní ibòji fún bí ọ̀sẹ̀ kan, nígbà òjò ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó dé orí iná. Bí omi bá ṣì kù nínú amọ̀, á di ooru nínú iná, kò sì ní rọ́nà jáde. Ìkòkò á bú gbàù, á fọ́ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà ọyẹ́, ẹnu ló ń gbẹ ṣáájú ìdí, á sì là. Ohun tó bá àlejò oru méjì mu ni kí ẹ ti mọ àwo pẹlẹbẹ sílẹ̀ lánàá, kó ti gan díẹ̀, àmọ́ kí èékánná ṣì lè wọ̀ ọ́. Kó fín in, kó fi ọta odò dán an. Ẹ̀yin lẹ máa sun ún tó bá ti lọ, kí ẹ fi ránṣẹ́.

Àdìrẹ ni iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ jù. Aró ewé ẹ̀lú tòótọ́, èyí tí a fi omi eérú ṣe, ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó jẹrà dáadáa, nítorí náà ìkòkò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí àlejò tó dé. Ó ń rùn gan-an o. Ẹ má gbé e sí abẹ́ fèrèsé yàrá, ẹ má sì da ìdọ̀tí rẹ̀ nítòsí kànga. Àwọ̀ oníyẹ̀fun ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò báyìí. Fún aṣọ yáàdì 5, ṣíbí ìjẹun 2 àwọ̀, ṣíbí 1 kọ́sítíìkì (sódà líle tó ń jó ara), ṣíbí 2 háídírọ́ọ̀sì (ìyẹ̀fun kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró yọ́ sómi). Ẹ fi omi gbígbóná po àwọ̀. Inú omi tútù ni kí ẹ ti yọ́ kọ́sítíìkì lọ́tọ̀: òun la ń dà sómi, a kì í da omi lé e lórí, torí ó lè ta síni lójú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni kí ẹ wọ̀, kí àlejò má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ má lo ìkòkò àlùmínọ́ọ̀mù, kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́. Bàsíà oníke dára. Ẹ wọ́n háídírọ́ọ̀sì sí i kẹ́yìn, kí ẹ dé e fún bí ìṣẹ́jú 10.

Ẹ wá ha ìfófò orí rẹ̀ kúrò kí ẹ wo omi tó wà nísàlẹ̀. Bó bá ní àwọ̀ ewé tó súnmọ́ yẹ́lò, ó ti tó. Bó bá ṣì jẹ́ búlúù, ó ṣeé ṣe kí háídírọ́ọ̀sì ti kú nínú agolo tí wọn ò dé pa. Ẹ ti rẹ aṣọ sómi lásán ṣáájú, kí ẹ wá rì í sínú aró pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí atẹ́gùn má bà á wọlé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ yọ ọ́. Bí ewé ni á kọ́kọ́ rí. Bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i, á máa yí di búlúù lójú yín, láti etí wá sí àárín. Ibẹ̀ ni àlejò ti ń pariwo.

Bí ẹ bá fẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí, ẹ̀kọ láfún tí a fi álọ́ọ̀mù sè ni, ìyẹ́ adìyẹ la fi ń kọ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ ganrangan, kí aró sì ti tutù, torí omi gbígbóná á yọ́ ẹ̀kọ náà, ọnà á sì dàrú. Láàárín oṣù keje sí ìkẹsàn-án, ẹ̀kọ kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Oníko, èyí tí a ń fi okùn so, ni kí ẹ fún wọn nígbà náà. Ẹ dán aṣọ wò kí ẹ tó rà á: ẹ fa fọ́nrán kan, kí ẹ fi iná sí i. Òwú á di eérú. Tó bá yọ́, tó dì bí ìlẹ̀kẹ̀, aró ò ní mú un.

Ẹni tó wà nídìí aró ò lè gúnyán. Ẹ pín iṣẹ́ láàárín ara yín kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ìjà má bà á ṣẹlẹ̀ níwájú àlejò. Iṣu kílò 3 á tó èèyàn mẹ́rin. Ẹ má fi iṣu tuntun oṣù kẹjọ gbéraga, omi pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì máa ń ní kókó. Owó yàrá àti owó aró, kó wà nínú àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ má parọ́ fún àlejò nítorí ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Bó bá béèrè ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ẹ sọ fún un pé wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ Wembley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1924, àti pé ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Èyí tó wà lára ògiri yín, àwòṣe ni.

Aṣọ orí ibùsùn ńkọ́? Funfun ò yẹ ilé aláró. Ẹ lo èyí tó dúdú, tí ẹ ti fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́, torí ọwọ́ àlejò á kan irọ̀rí kó tó gbẹ. Aró sì lè wà ní èékánná fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ sọ fún un kó tó sanwó, pàápàá bó bá ń lọ sí ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé.

Àwa ni tiyín,
Tọkọtaya aláró kan,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.